Láti Èèkàn dé Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ohun Èlò Ìyàwòrán Ilé àti Ìbéèrè Ìpààrọ̀ Rẹ̀ ní Fìdítì àti Agbègbè Ọ̀yọ́

1.0 Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kò lè ṣàì kọjá ní Fìdítì. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ ìlú náà nítorí ọsàn àti àwọn èso mìíràn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn ilé ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìlọrà àti Awẹ́ pẹ̀lú, yóò ṣàkíyèsí pé irú ilé mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ilé alámọ̀ tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Èkejì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ayé owó kòkó, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tí wọ́n sì ṣe ọnà sí ojú fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ilé búlọ́ọ̀kù òde òní, tí òmíràn nínú wọn kò tíì ní òrùlé.

Ohun tí ojú kò rí ni pláànù tí ó wà lẹ́yìn ògiri wọ̀nyí. Pláànù ti ilé èkíní wà ní orí àwọn àgbà tí ó kọ́ ọ. Ti èkejì, bí ó bá wà rárá, wà nínú àpótí bàbá onílé. Ti ẹ̀kẹta wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó yà á, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìbàdàn. Ìbéèrè tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí wá láti ibẹ̀: nígbà tí àwọn tí ó ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń yàwòrán ilé bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ó ha yẹ kí ayàwòrán tí ó ń ṣiṣẹ́ ní irú agbègbè yìí pa ti ọwọ́ rẹ̀ tì kí ó sì ra tuntun bí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni èyí. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀. Ó fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ohun èlò ìyàwòrán ilé ti yí padà ní agbègbè yìí kí ti ìsinsìnyí tó dé. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó wà nílẹ̀ láti pinnu ju ohun èlò lọ. Ohun náà ni pé: ta ni yóò lè ka pláànù, ta ni yóò sì ni ín? Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí kí ó tó pààrọ̀ ètò rẹ̀ lè ra ohun tuntun kí ó sì pàdánù iṣẹ́ ogún ọdún.

2.0 Pláànù tí ó wà ní orí

Kí bébà tó dé, ilé ní pláànù. Agbo ilé ní agbègbè Ọ̀yọ́ ní ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ẹnu ọ̀nà ńlá kan, àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká, àti yàrá tí ó tò lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọ ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú ìwé náà ó ṣàlàyé irú ilé báyìí, ó sì fi yé ni pé kọ̀bì, èyí tí ó yọ síwájú lára ògiri, jẹ́ àmì ilé ọba. Ìtumọ̀ èyí ni pé pláànù ilé wà nínú òfin ìlú. Ẹni tí kì í ṣe ọba kò lè kọ́ kọ̀bì bí ó ti wù ú, kódà bí agbára rẹ̀ bá ká a. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń kó wá ní ọdọọdún láti fi bo òrùlé ààfin jẹ́ ẹ̀rí mìíràn pé ilé kíkọ́ àti àṣẹ kò yà fún ara wọn.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, okùn àti èèkàn ni wọ́n fi ń sàmì sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ àti apá ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ọ̀wẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ lónìí ni àwọn ẹlòmíràn yóò bẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, kò sí ọkùnrin kan tí yóò dàgbà láì mọ bí wọ́n ti ń kọ́ ilé.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fà yọ nínú ètò yìí. Èkíní ni pé gbogbo ènìyàn ni ó lè ka pláànù, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Èkejì ni pé ẹbí ni ó ni ín. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà bá kú, àwọn yòókù mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà àti ẹni tí yàrá kọ̀ọ̀kan tọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa yìn ín ju bí ó ti yẹ lọ. Pláànù inú orí kò lè rìn jìnnà. Ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ kò lè kọ́ ilé tí kò fi ojú rí rí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ààlà ilẹ̀, tí ó dé iwájú adájọ́, ẹnu àgbà nìkan ni ẹ̀rí tí ó wà, ẹnu méjì sì lè takora. Àléébù yìí ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún bébà.

3.0 Bí bébà ti dé

Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìyípadà ńlá bá ilé kíkọ́ ni àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wá sí Èkó pẹ̀lú àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje 1894, wọ́n ṣí Mọ́sáláṣí Shitta Bey ní Èkó. Ọ̀gá bíríkìlà kan tí ó jẹ́ Àgùdà, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà ní ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ náà sì ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Báyìí ni òpó, fèrèsé olórí róbótó àti ọnà sìmẹ́ǹtì ṣe rìn láti Èkó dé ìlú òkè, títí tí àwọn tí ó rí owó nínú kòkó fi ń kọ́ irú rẹ̀. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ojú àti ọwọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn bíríkìlà wọ̀nyí fi gba iṣẹ́ náà. Ìrísí ilé ti di tuntun, ṣùgbọ́n pláànù ṣì wà ní orí.

Ìjọba amúnisìn ni ó sọ bébà di ọ̀gá. Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1929, jẹ́ ilé tí ẹnjiníà Robert Jones ti yà sórí bébà kí òkúta àkọ́kọ́ tó dé orí òkè náà. Àwọn tí ó ru òkúta kò mọ bí ilé náà yóò ti rí. Ẹni tí ó ni bébà nìkan ni ó mọ̀. Ní 1908 ni ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn sọ̀féyọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni ilé ẹ̀kọ́ náà fìdí kalẹ̀ sí ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí ó wà títí di òní. Èyí ṣe pàtàkì fún àpilẹ̀kọ yìí. Ìlú tí ó wà nítòsí Fìdítì di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ti ń fi ìlà àti nọ́ńbà sọ ilẹ̀ di àwòrán. Èèkàn tí àwọn bàbá ńlá wọn fi ń sàmì sí ilẹ̀ kò kúrò. Ó kàn di èèkàn tí ó ní nọ́ńbà lórí bébà.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ya àwòrán ilé rẹ̀. Ní 1952, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́-ọnà, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-ẹ̀rọ ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní iṣẹ́ ìyàwòrán ilé. Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Zaria. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1960, òfin tí ó sọ ẹni tí ó lè jẹ́ orúkọ náà sì jáde ní 1969. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ kò lè pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé lábẹ́ òfin, bí ó tilẹ̀ ti kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé.

Ìpààrọ̀ yìí kó èrè àti òfò wá. Òfò rẹ̀ ni pé bíríkìlà àgbà tí kò mọ ìlà kà di alágbàṣe lábẹ́ ọmọdé tí ó mọ̀ ọ́n kà. Èrè rẹ̀ ni pé pláànù lè rìn nísinsìnyí, ó sì lè jẹ́rìí. Lórí bébà fẹ́lẹ́ tí ìlà ìsàlẹ̀ ń hàn lójú rẹ̀ ni wọ́n ń yà á, pẹ̀lú rúlà gígùn àti yíǹkì dúdú. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ àdàkọ aláwọ̀ búlúù fún onílé, fún bíríkìlà àti fún ìjọba. Ẹni tí ó bá ti kọ́ bí wọ́n ti ń ka ìlà kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́ láti kà á. Bébà tí wọ́n yà ní 1955 kò bèèrè pé irú rúlà wo ni ẹni tí ó fẹ́ kà á lónìí ń lò. Àwọn àgbà ní, bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Bébà pa òwe yìí mọ́, àfi bí ikán bá jẹ ẹ́ tàbí bí òjò bá pa á.

4.0 Òfin sọ pláànù di dandan

Òfin ètò ìlú tí ìjọba ṣe ní 1946 bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára fún àwọn ìgbìmọ̀ ètò ìlú. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ gómìnà, ó sì mú kí ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ di ohun tí gbogbo onílé ń wá. Kò sì sí ẹni tí ó lè gba ìwé náà láìní àwòrán sọ̀féyọ̀. Òfin ètò ìlú ti 1992 wá là á kalẹ̀ pé kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ilé kíkọ́ kan jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, tí Fìdítì àti Ìlọrà wà lábẹ́ rẹ̀, wà lára àwọn tí ó bọ́ sínú ètò yìí.

Kí ni òfin wọ̀nyí ṣe sí ìbéèrè wa? Wọ́n sọ pláànù di ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ti ilé. Àwọn ọmọ onílé yóò nílò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi yàrá kún ilé, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tà á, tàbí nígbà tí ẹjọ́ bá dé. Bí ilé bá wó, pláànù wà lára ohun tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ ń bèèrè. Ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ́ dáadáa lè dúró fún ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí pláànù rẹ̀ ṣeé ṣí fún iye ọdún kan náà. Níbi yìí ni kọ̀ǹpútà ti mú ìṣòro tuntun wá.

5.0 Kọ̀ǹpútà dé

Ní 1963, Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ènìyàn lè fi kálàmù oníná ya ìlà sí ojú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó lò tóbi, owó rẹ̀ sì ju ti ọ́fíìsì ayàwòrán lọ. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dé ni nǹkan yí padà. Ní 1982, John Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Autodesk sílẹ̀, wọ́n sì gbé AutoCAD jáde ní ọdún kan náà. Ní 1982 yìí kan náà ni Gábor Bojár dá Graphisoft sílẹ̀ ní Budapest ní ilẹ̀ Hungary, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ArchiCAD.

Àkókò náà kò dára fún Nàìjíríà. Owó epo ti já wálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, dọ́là tí ó ti wà ní nǹkan bí náírà kan tẹ́lẹ̀ sì ju náírà mẹ́rin lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn 1990 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ní Èkó àti Ìbàdàn díẹ̀díẹ̀, tí ó sì tẹ̀ lé wọn dé àwọn ìlú kéékèèké. Ohun tí ó fà wọ́n mọ́ra yé ni. Ní orí bébà, bí onílé bá ní òun fẹ́ kí yàrá kan gbòòrò sí i, ayàwòrán yóò fi abẹ fá yíǹkì, tàbí kí ó yà á lákọ̀tun. Ní orí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àmọ́ ó nílò iná mànàmáná, iná kò sì dúró. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ di ara ohun èlò ìyàwòrán.

Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ ti yá sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan yí padà tí púpọ̀ kò fọkàn sí. Bébà ni ilé pláànù tẹ́lẹ̀. Fáìlì ni ó wá di ilé rẹ̀. Fáìlì kò sì ṣeé fi ojú kà. Ètò tí ó mọ èdè rẹ̀ nìkan ni ó lè kà á fún ènìyàn.

6.0 Ìpààrọ̀ ẹ̀dà: ohun tí ó ń fà á

Ìtàn AutoCAD fúnra rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà tuntun ni ó sàn ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀dà 12 jáde ní 1992, ó sì dára lójú àwọn tí ó lò ó. Ẹ̀dà 13 tẹ̀ lé e ní 1994, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, àṣìṣe inú rẹ̀ sì pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní òkè òkun fi dúró sí ẹ̀dà 12 títí tí ẹ̀dà 14 fi dé ní 1997. Àwọn tí ó dúró kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì rí i pé èyí tí wọ́n ní ń ṣe é.

Kí ni ó wá ń lé ènìyàn kúrò ní ẹ̀dà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn? Fáìlì ni. Láti ìgbà dé ìgbà, Autodesk ń yí bí fáìlì DWG ti rí padà: ó yí i padà fún ẹ̀dà 2000, ó tún yí i padà fún 2004, 2007, 2010, 2013 àti 2018. Ẹ̀dà tuntun lè ṣí fáìlì àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ kò lè ṣí fáìlì tuntun, àfi bí ẹni tí ó yà á bá rántí láti fi í pamọ́ ní ìrísí àtijọ́. Revit, tí ó jáde ní 2000, tí Autodesk sì rà ní 2002, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: fáìlì tí wọ́n bá ti fi ẹ̀dà tuntun ṣí tí wọ́n sì tọ́jú kò tún lè padà sí ẹ̀dà àtijọ́ mọ́. Nítorí náà, ayàwòrán kan ní Ọ̀yọ́ lè pinnu pé òun kò pààrọ̀, kí ẹnjiníà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó sì fi fáìlì kan ṣoṣo sọ ìpinnu náà di asán.

Ìyípadà tí ó tóbi jù lọ wáyé ní 2016. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá ra AutoCAD ti rà á. Bí ó bá wù ú, kí ó máa lo ẹ̀dà kan náà títí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì 2016, Autodesk dáwọ́ títa irú àṣẹ ìlò bẹ́ẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò rẹ̀, ó sì dá ti àwọn yòókù dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ báyìí ni láti máa san owó ìlò ní oṣooṣù tàbí ní ọdọọdún. Bí owó bá dúró, ètò náà yóò dúró. Kódà àwọn ọlọ́rọ̀ ráhùn: ní oṣù Keje 2020, àwọn ilé iṣẹ́ ayàwòrán ńláńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Zaha Hadid Architects wà lára wọn, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá Autodesk pé owó Revit ń gòkè nígbà tí ètò náà fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ síwájú bí ó ti yẹ.

Bí ẹni tí ń gba owó pọ́n-ùn bá ráhùn, kí ni ẹni tí ń gba náírà yóò wí? Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí náírà 470 ní ọjà ìjọba ju 700 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó fi di ìparí oṣù Kejì 2024, ó ti dé nǹkan bí 1,500. Bí iye ètò kan kò bá tilẹ̀ yí padà rárá ní dọ́là, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà. Owó tí onílé ní Fìdítì ń san fún pláànù kò di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wá ṣẹ, pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó. Ohun ẹni ni í bá ni mu régérégé.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbà, èyíinì ni lílo àdàkọ tí wọ́n jí. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti 1988 ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí ó ní ààbò ní Nàìjíríà, òfin tuntun ti 2022 sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀nà yìí kò yanjú ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ó ń lo ohun ẹlòmíràn láìgbàṣẹ kò lè fọkàn tán an pé yóò ṣí ní ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pe ẹni tí ó ṣe é pé kí ó wá ran òun lọ́wọ́.

7.0 Èrò méjì tí ó takora

Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò bá pààrọ̀ ètò rẹ̀ ti di ará àtijọ́. Wọ́n ní Revit àti irú rẹ̀ kì í ya ìlà lásán. Ó ń kọ́ odidi ilé sínú kọ̀ǹpútà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ka iye ilẹ̀kùn àti búlọ́ọ̀kù, kí ó sì fi hàn bí páìpù omi bá gba inú òpó kọjá. Òtítọ́ ni. Fún ilé ìwòsàn alájà mẹ́rin, ẹni tí ó ní irú ohun èlò yìí yóò yẹra fún àṣìṣe tí ó lè ná onílé ní owó ńlá.

Àwọn kejì gbà pé ohun èlò kọ́ ni ó ń kọ́lé. Wọ́n lè tọ́ka sí Demas Nwoko, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, tí kì í sì í ṣe ayàwòrán ilé nípa ẹ̀kọ́. Ó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn ní àkókò tí kò sí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kankan, ó sì ń fi erùpẹ̀ ilẹ̀ wa tí ó po mọ́ sìmẹ́ǹtì ṣe búlọ́ọ̀kù. Ní 2023, ibi àfihàn iṣẹ́ ìyàwòrán ilé ní Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n kò ran ẹni tí òfin ní kí ó fi pláànù sílẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Nwoko.

Àṣìṣe kan náà ni ó wà nínú èrò méjèèjì. Wọ́n ń bèèrè bóyá ohun èlò náà dára. Ìtàn tí a ti tọ̀ bọ̀ fi hàn pé ìbéèrè mẹ́rin mìíràn ni ó yẹ kó ṣáájú.

(i) Ta ni yóò gba fáìlì náà? Bí ẹnjiníà tàbí ọ́fíìsì ìjọba tí ayàwòrán ń bá ṣiṣẹ́ bá lè gba ìrísí àtijọ́, ìdí pàtàkì kan fún ìpààrọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ìbéèrè lásán lórí fóònù lè fi owó ọdún kan pamọ́.

(ii) Iṣẹ́ wo ni ètò tuntun yóò ṣe tí ti àtijọ́ kò lè ṣe? Ẹni tí ó ń ya ilé oníyàrá mẹ́ta fún àwọn olùkọ́ àti àgbẹ̀ ní Fìdítì àti Ìlọrà kò nílò ohun tí ẹni tí ń ya ilé ìwòsàn nílò.

(iii) Bí owó bá tán, ta ni yóò ṣí pláànù? Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni, ayàwòrán náà kò tíì ra ohun èlò. Ó ti fi pláànù àwọn oníbàárà rẹ̀ dúró fún gbèsè.

(iv) Ta ni yóò kọ́ ọmọ iṣẹ́? Ètò tuntun tí ọ̀gá nìkan mọ̀ yóò sọ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ di ohun tí bébà sọ bíríkìlà àgbà dà.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wọn ọ́fíìsì kékeré kan tí ó ní ènìyàn mẹ́ta lójú ọ̀nà yìí, tí ó ra ẹ̀dà kan kí 2016 tó dé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́; ilé gbígbé ni ó ń yà; ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni fáìlì tí kò ṣí máa ń dé. Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn pé kí ó dúró. Bí ó bá gba iṣẹ́ ńlá kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Èkó tí ó ń lo Revit, kí ó san owó ìlò fún iye oṣù tí iṣẹ́ náà yóò gbà, kí ó sì fi owó náà kún owó iṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà bá sì ń kú lọ, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ tí yóò kú. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi LibreCAD àti FreeCAD wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan owó. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ní irú tirẹ̀: DraftSight wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mélòó kan, títí tí àwọn tí ó ni ín fi fi owó lé e ní 2019. Èyí tí àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba kò ṣeé gbà padà bẹ́ẹ̀.

Ìpinnu yòówù tí ó bá ṣe, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Kí ó tó pa ètò àtijọ́ tì, kí ó ṣí gbogbo pláànù tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó fi wọ́n pamọ́ ní ìrísí tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. PDF di ìlànà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ní 2008. DXF sì ti wà láti 1982, ọ̀pọ̀ ètò ni ó sì lè kà á. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ ọ̀kan sórí bébà fún onílé.

8.0 Àsokágbá

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọ ipa ohun èlò ìyàwòrán ilé láti èèkàn dé bébà, àti láti bébà dé kọ̀ǹpútà. Nígbà tí pláànù wà ní orí, ẹbí ni ó ni ín. Nígbà tí ó bọ́ sórí bébà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà dín kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ ni ó ni ín. Nísinsìnyí tí ó wà nínú fáìlì, ẹlòmíràn ní ìlú òkèèrè lè mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì máa gba owó kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí ìpààrọ̀ ẹ̀dà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀làjú tàbí ọ̀rọ̀ àìlajú. Ayàwòrán tí ó dúró sí ẹ̀dà àtijọ́ lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Èyí tí ó pààrọ̀ lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n pẹ̀lú. Èyí tí kò gbọ́n ni ẹni tí ó ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì láì mọ ibi tí pláànù àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò wà ní ogún ọdún sí i.

Ilé alámọ̀ tí ó wà lẹ́bàá títì ní Fìdítì ti pẹ́ ju àwọn tí ó mọ ọ́n lọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ṣì mọ ibi tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà. Ó yẹ kí ọmọ ẹni tí ó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àǹfààní kan náà. Bí onírèsé òde òní bá kọ̀ tí kò san owó ìlò mọ́, ojúṣe rẹ̀ ni láti rí i dájú pé èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò parun.